Ẹni Tó Dé Oko Ẹlòmíràn Lẹ́ẹ̀kan

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe náà gbó, ó sì dùn, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ọmọ tó jókòó sílé ló ń bá wí, èyí tí gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n lóde báyìí. Èyí tó kún ìgboro ni ọmọ tó dé oko bàbá ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tó ya fọ́tò pẹ̀lú ewé iṣu níbẹ̀, tó wá padà délé tó ní ti bàbá òun kì í ṣe oko, igbó ni.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Àbúrò mi obìnrin ló bí i, èmi ni mo sì gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ.

Duluth ló ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Georgia, lẹ́yìn odi Atlanta. Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí lè rò pé ìlú òyìnbó pọ́ńbélé ni. Ẹ gba òpópónà Pleasant Hill kọjá kí ẹ wò ó: báńkì, onídìrí, oníṣègùn eyín, ṣọ́ọ̀ṣì, iléèwé ẹ̀kọ́ àfikún, lẹ́tà Kòríà ló wà gàdàgbà lára pátákó wọn, ti Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀, tín-ín-rín, bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Lẹ́tà yìí ni Ọba Sejong gbé jáde ní 1446 kí tálákà ilẹ̀ rẹ̀ lè mọ̀wé kà láìkọ́ ti àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n gbé e dé Georgia, wọn ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kọjá níwájú ilé oúnjẹ tiwa kan tó kọ ẹ̀fọ́ rírò sára gíláàsì láìfi àmì kan ṣoṣo sí i. Bí ẹ bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ ó máa wá ohun tó fọ́ kiri.

Ọjà ńlá àwọn ará Kòríà kan ni ọmọ náà gbé wa lọ, èmi àti ìyá rẹ̀. Apá kan nínú ọjà náà ni àwọn olóúnjẹ wà, ìsọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fara kanra, tí gbogbo oníbàárà wọn jọ ń jókòó sí tábìlì àárín. Ẹni tó bá ti jẹun ní ọjà Bódìjà rí kò ní ṣì í mọ̀: oníyán lọ́hùn-ún, alámàlà níhìn-ín, onírẹsì lẹ́yìn, ẹni tó wuni là ń lọ bá, bẹ́ǹṣì kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ra tiẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí ìyá olóúnjẹ tó máa pè yín ní ọkọ òun. Ẹ̀rọ gbọọrọ kan ló dúró síbẹ̀. Ẹ ó fi ìka tẹ àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, ẹ ó ki káàdì bọ̀ ọ́, àmọ́ kó tó jẹ́ kí ẹ lọ, á bi yín léèrè iye tí ẹ fẹ́ fi dúpẹ́. Ṣé 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni? Ṣé 20? Àbí 25?

Mo bi ọmọ náà pé ta là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ò tíì rí oúnjẹ. Àwa la máa lọ gbé e, àwa la máa bu omi, àwa la máa kó àwo padà.

"Dádì Ìbàdàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn," ló wí, ó sì tẹ 20.

Ọmọ yìí kan náà ló wá sílé ní Kérésì ọdún kan, tó bá ìyá alámàlà ní Mọ́kọ́lá fa igba náírà títí tí ọbẹ̀ fi tutù.

Wọ́n fún wa ní nǹkan pelebe kan pé yóò gbọ̀n tí oúnjẹ bá ti jinná. A gbé e sórí tábìlì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Nígbà tí àkókò tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn pupa, ó ń gbọ̀n, ó ń yí bírí-bírí bí yímíyímí tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Àbúrò mi ní "Jésù!", ó sì gbé báàgì rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Bibimbap ni tèmi. Kò sí àdììtú nínú orúkọ náà: bibim ni kí a po nǹkan pọ̀, bap ni ìrẹsì. Inú ọpọ́n òkúta dúdú ló wà, òkúta náà sì gbóná débi pé ìrẹsì ṣì ń pariwo nísàlẹ̀ rẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé kejì. Wọ́n to káróòtì, ẹ̀fọ́, olú, ẹ̀wà tó ti hù àti ẹran wẹ́wẹ́ yí i ká, oníkálukú ní igun tirẹ̀, wọ́n wá gbé ẹyin lé àárín. Ata pupa tó ki bí oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà dìde, ó ya fọ́tò láti òkè, ó yà á láti ẹ̀gbẹ́, ó ní kí ìyá òun gbé ọwọ́ kúrò nínú àwòrán. Òkúta tí wọ́n torí ooru rẹ̀ gbẹ́ ń tutù lọ lójú wa.

"Ẹ máa ha ìdí rẹ̀, Dádì. Èyí tó gan mọ́ òkúta yẹn ló dùn jù."

Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo àjà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìrẹsì àbúrò mi jó díẹ̀ nílé ọmọ yìí; inú ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ di alẹ́.

Ọ̀pá irin méjì ni ọmọ náà fi ń jẹ ìrẹsì tirẹ̀, bí mo sì ṣe na ọwọ́ sí ṣíbí, ojú tì í. Ó ń ṣa ìrẹsì náà ní wóró-wóró, tó bá mú mẹ́ta, méjì á já bọ́. Bàbá arúgbó ará Kòríà kan wà ní tábìlì kejì pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ọmọ tó yí i ká kò fọwọ́ kan oúnjẹ títí bàbá fi mú ṣíbí. Àṣà wọn ni, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ṣíbí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣíbí ni mo wí o. Ṣíbí ni àwọn ará Kòríà fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, ọ̀pá wà fún ẹ̀fọ́ àti ẹran. Onílé ń fi ọkọ́ ro oko, àlejò tó mọ̀ ọ́n ju onílé lọ ń fi ọ̀kọ̀ ro ó. Ní ti àgbà tó ń kọ́kọ́ mú ṣíbí, ọmọ tiwa ti jẹun dé ìdajì kí n tó bu omi dé.

Ọbẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde kẹ́yìn, nínú ìkòkò kékeré tó ṣì ń hó. Doenjang jjigae ló ń jẹ́. Òórùn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, kí n sì tó mọ̀, mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi, níbi tí agbọ̀n ti wà lábẹ́ ewé, tí wọ́n ní kí ọmọdé má ṣí i wò.

"Irú ni," mo ní.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bíi tíṣà. "Rárá o, Dádì. Doenjang ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kan ni. Àwọn kòkòrò tó dára fún ikùn pọ̀ nínú rẹ̀." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ikùn fún mi, èmi tí mo ti ń gbé tèmi kiri láti ọdún 67 sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí mi ò rí àyè sọ fún un. Àwọn ará Kòríà á se ẹ̀wà sóyà títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á mọ ọ́n bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi koríko ìrẹsì so ó kọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi bu, kí wọ́n tó rì í sínú omi iyọ̀ nínú ìkòkò amọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Doenjang nìyẹn. Ó ní ìbátan kan tí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, cheonggukjang, tí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó fún. Òórùn ìyẹn le débi pé àwọn ará Kòríà fúnra wọn ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn ìyá tiwa á se irúgbá mọ́jú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè ṣí, wọ́n á fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n á tún un sè, wọ́n á bò ó nínú agbọ̀n fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ nínú cheonggukjang, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú. Kò mọ Seoul, kò mọ Ṣakí, ẹ̀wà ló mọ̀. Kódà àwọn onírú mìíràn ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú báyìí nítorí pé irúgbá wọ́n, ẹni tó jẹ́ ìbátan tẹ́lẹ̀ ti fẹ́ di ìbejì.

Ibùgbé wọn nìkan ló yàtọ̀. Irú tí àbúrò mi gbé wá láti Ìbàdàn, tó wé ní ọ̀rá mẹ́ta, kò rọ́nà wọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní aládùúgbò á pe ọlọ́pàá. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ló ń gbé, lórí pẹpẹ, láàárín ọ́ìlì mọ́tò àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Bí ìyá bá fẹ́ se ẹ̀fọ́, á wọ bàtà, á ju ìborùn léjìká, á jáde lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ wo ẹlẹ́wọ̀n. Á bu ṣíbí kan, á tún un dì, á wẹwọ́ kó tó wọlé.

Àwọn ará Kòríà, fíríìjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún kimchi. Mi ò fi ṣeré: fíríìjì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe, tí wọ́n ti ń tà láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Kábéèjì, ata àti áyù tó ti kan kò gbọdọ̀ ba òórùn wàrà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti lé kimchi síta, ni wọ́n bá kọ́lé fún un. Ní 2008 tí Yi So-yeon, ọmọ Kòríà àkọ́kọ́ tó lọ sí gbalasa òfuurufú, gbéra, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti jókòó ti kimchi kan kó lè bá a lọ láìbú gbàmù. Ní 2013, àjọ UNESCO kọ kimjang, ìyẹn àjọṣe tí ìdílé àti aládùúgbò fi ń ṣe kimchi ìgbà òtútù, mọ́ ogún ọmọ aráyé. Aládùúgbò kan náà tí tiwa ń bẹ̀rù pé á pe ọlọ́pàá, lọ́dọ̀ tiwọn, ó ń wá bá wọn fọ kábéèjì.

Ata tí ọmọ náà ń yìn pé ti Kòríà yàtọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti gbéra lẹ́yìn 1492, àlejò ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn bó ṣe jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wa. Kimchi wà kí ata tó dé, kò kàn pọ́n ni. Ataare àti ìyèré tí àwa náà ní kí ata tó dé ṣì wà lọ́jà.

Inú ti ń bí mi, mo sì ń gbádùn ìbínú náà, nígbà tí mo tún wo tábìlì kejì. Ọmọkùnrin kan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó ti bàbá arúgbó yẹn. Gbogbo ẹbí ń jẹ oúnjẹ ilé wọn, báàgà tí wọ́n rà lójú ọ̀nà lòun dì mú. Màmá àgbà fi ọ̀pá mú kimchi kan, ó fi ọwọ́ kejì gbè é lábẹ́ kí omi rẹ̀ má baà kán sílẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹnu ọmọ náà. Ọmọ náà fi ìka méjì di imú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, pé ó ń rùn. Màmá kò wí nǹkan kan. Ó yí ọwọ́ padà, ó fi kimchi náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Àbúrò mi rí i. "Ẹ wò ó, Bọ̀dá mi," ló wí, "wọ́n ní tiwọn náà."

Kí a tó kúrò lọ́jà, ọmọ wa ra ike doenjang kan tó kún dẹ́múdẹ́mú, ó ní òun á máa fúnra òun se ọbẹ̀ náà. Nígbà tí a délé, ó gbé e sí iwájú nínú fíríìjì, ó yí lẹ́tà Kòríà ara rẹ̀ síta kí àlejò lè rí i. Ilé ń rùn. A ò rí ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Ní òru tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, òùngbẹ gbẹ mí, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí kíṣìnnì. Àbúrò mi wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn, iná fíríìjì nìkan ló tàn sí i lójú. Ike doenjang wà níwájú rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ fínnífínní, ó sì ń fi ṣíbí ha irú pẹ̀tẹ̀ láti inú ọ̀rá sínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè dọ́gba, ó dé e, ó gbé e sí àyè rẹ̀ níwájú, ó yí lẹ́tà Kòríà síta.

Nígbà tó rí mi, ó fi ìka kan ètè.

"Ẹ má sọ nǹkan kan o, Bọ̀dá mi. Láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló ti ń fi se ọbẹ̀."