Ọwọ́ Òsì Mi Sọ̀rọ̀ ní Rumuola

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà á. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé ọmọ Ikwerre níyàwó, wọ́n ń wá agbẹnusọ fún ìdílé wa, wọ́n sì ní èmi tí mo ń gbé Port Harcourt ni mo mọ ojú ilẹ̀. Mo gbà. Mo wá lọ wo fídíò ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ jẹun. Ó ní ara wa ló ń sọ ìdá 55 nínú 100 ọ̀rọ̀ wa, ohùn ń sọ 38, ìdá 7 péré ló kù fún ẹnu. "Ẹ la àtẹ́lẹwọ́ yín, kí wọ́n rí i pé ẹ ò fi nǹkan pa mọ́." Bí mo ṣe dúró síwájú dígí nìyẹn, tí mò ń la àtẹ́lẹwọ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà àna jókòó níwájú nínú gbọ̀ngàn kan ní Rumuola, fìlà òyìnbó lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. DJ na máìkì sí mi. Wọ́n kọ́ mi nílé, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbà á. Àṣé ibẹ̀ ni wàhálà wà: ọwọ́ tó di máìkì mú kò lè ṣàpèjúwe. Òsì nìkan ló kù.

Mo fi òyìnbó sọ pé nǹkan márùn-ún ló gbé wa wá. Mo sì la ìka márààrún, tọwọ́ òsì, sí bàbá ìyàwó lójú.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọ̀gbẹ́ni inú fídíò ní bí àwùjọ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára nìyẹn, kí èèyàn má tètè ká ọwọ́ kò. N kò ká a kò. Mo rọra ń yí i láti apá kan dé apá kejì, kí ó lè kárí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo yọ òun sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó wà lápá ọ̀tún náà gba tirẹ̀.

Bàbá kan fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Oga, na who you dey waka?"

Ta ni kò mọ̀ ní Nàìjíríà pé ẹni tí wọ́n bá la ìka márùn-ún sí lójú, ìyá rẹ̀ ni wọ́n bú? Ní Gíríìsì pàápàá, èébú ni; moutza ni wọ́n ń pè é. Èmi wá fi òsì ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti lù lọ́wọ́ ní kékeré nítorí òsì!

Ìdá 55 yìí sì ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Mehrabian ló ṣe ìwádìí yẹn ní Amẹ́ríkà ní 1967. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi ohùn àti fọ́tò ojú ni wọ́n lò, láti mọ bí ìṣesí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń yé èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ti ní kò kan gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó lọ wo sinimá Ṣáínà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí nísàlẹ̀, kó wá ròyìn ìdá 93 fún wa.

Mo ní kí n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo nà gbọọrọ tòun ti máìkì, lẹ́bàá sípíkà, mo fi gbogbo ọwọ́ bo orí máìkì. Ohùn tó bá ti sípíkà jáde tó tún bọ́ sí máìkì, ẹ̀rọ á tún sọ ọ́ di ńlá, sípíkà á tún tú u síta, máìkì á tún gbé e mì, títí yóò fi di igbe. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ihò sẹ́yìn orí máìkì ọlọ́wọ́: ohùn tó bá gba ẹ̀yìn wá á pa ara rẹ̀ níbẹ̀. Fọwọ́ bò ó, o ti dí ihò. Máìkì á máa gbọ́ tiwájú tẹ̀yìn. Ó gbọ́ o! Ó ké débi pé fìlà bàbá tó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ re bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fi gèlè bo ojú.

Wọ́n bu ìtanràn lé mi: ewúrẹ́ kan, páálí móòtì, àti ògógóró kai-kai. Mo san án. Ìgbà náà ni DJ dé, ó ní mo ti ba sípíkà òun jẹ́. Mo la ẹnu láti bá a jà, mo rántí pé igbe tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ lè jó sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè lóòótọ́. Mo bi í pé èló ni. Kò dáhùn. Ó kàn la ìka márààrún sí mi, ó sì yíjú padà. N kò tíì mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, àbí àádọ́ta, àbí ìyá mi.