Ẹ̀rọ Flatbed àti Ẹnu Ọ̀nà Ilé

Ẹ̀rọ flatbed yàtọ̀ sí èyí tó ń tẹ báńà: orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ pátákó sí, iná UV á sì mú yíǹkì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Kékeré gba pátákó tó tó bébà A3, ó tó fún nọ́ńbà ilé. Àárín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, 90 ní gígùn. Ó gba orúkọ olóyè, bí oyè bá mọ níwọ̀n. Ńlá gba odidi pílíwúùdù, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 8 ní gígùn, bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́jà.

Ara ẹ̀rọ ńlá ni ojú ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká n'Ìbàdàn, ẹnu ọ̀nà ló ń dájọ́. Ẹni tó mọ ilé alámọ̀ kò ro ti ẹ̀rọ tó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Èyí tí kò bá wọlé, òde ni yóò sùn, òjò Ìbàdàn kì í sì í bèèrè gáràńtì. Èyí tó bá wọlé ń fẹ́ àyè tí wọn yóò fi yí i ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníbàárà ni yóò bọ́ síta.

Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ wọlé, yíǹkì funfun rẹ̀ kì í fẹ́ ìsinmi: bí iṣẹ́ bá dá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á silẹ̀, á dí ihò orí ìtẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ń mu epo, oníbàárà wá, kò wá.

Nítorí náà, ìwọ̀n pátákó tí wọ́n ń bèèrè jù ni ìwọ̀n ẹ̀rọ. Èyí tó bá jù ú lọ, kí wọ́n gbé e fún ẹlẹ́rọ ńlá. Ti àkọlé ‘Ilé yìí kì í ṣe títà’, kò sí flatbed tó gbà á: ara ògiri ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, búrọ́ọ̀ṣì ló ni í.