Ipá, Ìrìn, Ìgbì àti Iná: Àtúnyẹ̀wò Físíìsì fún Ìdánwò WAEC, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Mowe

Ipá ni títì tàbí fífà tó lè mú ohun tó dúró gbéra, tó lè dá ohun tó ń lọ dúró, tàbí kó yí ojú ọ̀nà rẹ̀ padà. Newton ni a fi ń wọ̀n ọ́n, láti ara orúkọ Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ ìwé jáde ní 1687 lórí òfin mẹ́ta tí gbogbo ìrìn ń tẹ̀ lé. Nínú ìrìn ojoojúmọ́, àwọn òfin náà kì í ṣàṣìṣe. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò ni àdéhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà kọ̀ọ̀kan: ìgbà wo ni yóò jẹ́, ìgbà wo ni kò ní í jẹ́. Ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni àpẹẹrẹ inú àlàyé yìí ti wá, ẹni tó ka físíìsì rẹ̀ ní Mowe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó mọ ìlànà sórí bí ẹní ń ki oríkì baba rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni òǹkọ̀wé yìí. Níbikíbi tí a bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ẹlòmíràn lọ.

Kílò ni a fi ń mọ iye ohun tó wà nínú nǹkan, iye náà kò sì yí padà bí a bá gbé e láti Mowe lọ sórí òṣùpá. Ìwúwo yàtọ̀ sí i: ipá tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan náà sọ́dọ̀ ni. Láti rí i, a ó fi 10 sọ kílò di púpọ̀ (9.8 ló péye jù, ṣùgbọ́n 10 kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu). Nítorí náà, ìwúwo àpò ìrẹsì oníkílò 50 jẹ́ newton 500. Òǹkọ̀wé ṣàlàyé èyí fún ìyá oníresì kan lọ́jà Mowe, ó ní kílò tí wọ́n kọ sára àpò kì í ṣe ìwúwo rárá. Ìyá náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní, “Ọmọ mi, èwo lo fẹ́ sanwó ẹ̀ nínú méjèèjì?”

Iṣẹ́ nínú físíìsì ni ipá tí a fi ọ̀nà tí nǹkan rìn sọ di púpọ̀, àmọ́ kìkì ọ̀nà tó rìn sí apá ibi tí ipá náà kọjú sí ni a ń kà. Ẹni tó bá gbé àpò náà nílẹ̀ títí dé orí, tí orí náà ga tó mítà 1.8, ti ṣe iṣẹ́ joule 900. Bó bá wá ń rìn lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, òkè ni ipá ọrùn rẹ̀ kọjú sí, iwájú ni àpò ń lọ; ipá tó gbé àpò dúró kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí WAEC fẹ́ràn gan-an nìyí. Òǹkọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí àǹtí rẹ̀ ní kó bá alábàárù kan dúnàá-dúrà láti inú ọjà dé etí títì, ó ní owó ìgbérù nìkan ni òun yóò san, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ, ọ̀gbẹ́ni náà kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Alábàárù kò jiyàn. Ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó sọ àpò kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrẹ̀, ó ní, “Ó dáa, èyí tí kò níṣẹ́ nínú ló kù. Gbé e.”

Òǹkọ̀wé kò lè gbé e. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé iṣan ara kì í ṣe òpó símẹ́ńtì: bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ó ń súnkì, ó ń dẹ̀, ó ń jó oúnjẹ tí ẹni náà jẹ láàárọ̀, ì báà má rìn rárá. Odo tí ìwé ń sọ jẹ́ ti àpò, kì í ṣe ti ènìyàn tó gbé e. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìlànà kan náà ló pàṣẹ pé àgbétúngbé àpò náà jẹ́ joule 900 mìíràn. Owó ìgbérù méjì ni àǹtí san, ó sì fi owó ìrìn kún un.

Ìfarakínra ni ipá tó ń dènà kí ohun méjì tó fara kan ara wọn yọ̀ lórí ara wọn. Ó ń jẹ bàtà àti táyà, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí ènìyàn lè rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun ọ̀kadà wọ àwọn àdúgbò inú lọ́hùn-ún ní Ibafo nígbà òjò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá dín kù.

Ìrìn ló kàn. Ìlànà mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí: v = u + at; s = ut + ½at²; v² = u² + 2as. Lẹ́tà u ni eré ìbẹ̀rẹ̀, v ni eré ìparí, a ni bí eré ṣe ń yí padà, s ni ọ̀nà tí a rìn, t ni àkókò. Àdéhùn wọn ni pé kí iye lẹ́tà a má yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba Ibafo àti Mowe kọjá, dára fún àpẹẹrẹ. Kìlómítà 90 ní wákàtí kan ni òfin gba ọkọ̀ akérò láyè láti sá lórí irú títì bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ mítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí bíréèkì bá ń dín eré náà kù ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ yóò ṣì rìn mítà 62.5 kó tó dúró. Kí ẹsẹ̀ dírẹ́bà tó kan bíréèkì, bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà 25 ti lọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 87.5, ó sì kù díẹ̀ kó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì ń gbà á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé u nínú ìlànà kẹta jẹ́ ìlọ́po ara rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ gbólóhùn yìí sí iwájú gbogbo dírẹ́bà tó ń lọ sí Bẹ́gà ní Èkó.

Òfin Newton kìíní ní ohun tó bá ń lọ yóò máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ipá kan yóò fi dí i lọ́wọ́. Ara ẹni tó wà nínú dánfó ń bá dánfó lọ. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tí kò ka ìwé kankan nípa rẹ̀ ń kígbe rẹ̀ lójoojúmọ́ sétí èrò tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí dánfó tó dúró: kọjú síwájú, kí o sì sáré bá a lọ. Òǹkọ̀wé ní ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ. Bí dánfó bá ń rọra lọ síwájú ní mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èrò sì fò sẹ́yìn ní mítà 5, méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́, ẹni náà yóò sì gúnlẹ̀ bí ẹni pé orí ìdúró ló wà tẹ́lẹ̀. Ìṣirò náà kò lẹ́bi. Ẹsẹ̀ ló kùnà: láti orí àtẹ̀gùn dánfó, agbára káká ni òǹkọ̀wé fi fò sẹ́yìn ní mítà 1. Mítà 4 tó kù gbé e síwájú, òun sì kọjú sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sáàárín àtẹ ọlọ́sàn kan ní ibùdókọ̀ Mowe.

Òfin kejì ló sọ bí ìjókòó náà ṣe máa dùn tó. Ipá ni kílò tí a fi ìyípadà eré sọ di púpọ̀, tí a wá fi àkókò pín. Ẹni tó jẹ́ kílò 60, tí eré mítà 4 sì parẹ́ lára rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, gba newton 2,400 sí ìdí. Bó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, newton 120 péré ni. Òfin kẹta ní gbogbo ipá ló ní èsì tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ tó kọjú sódì. Ọsàn náà gba tirẹ̀.

Ohun tó ń já bọ́ láti òkè ń fi mítà 10 kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ju òkúta sínú kànga, tí a ka àkókò títí tó fi dún, jíjìn kànga jẹ́ ½ × 10 × t². Àdéhùn ibí yìí le: àṣìṣe díẹ̀ nínú t máa ń di ńlá, nítorí pé a ń sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀. Nígbà tí okùn dọ́rọ̀ ilé já, òǹkọ̀wé ju òkúta sí kànga, ó fẹnu kà á, ó rí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lọ ra okùn mítà 6 fún kànga tí ìṣirò ní ó jẹ́ mítà 5. Ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ìyẹn jẹ́ mítà 11 àti díẹ̀. Dọ́rọ̀ tuntun náà rọ̀ sí agbede méjì kànga, kò kan omi, gbogbo ará ilé sì wá wò ó. Ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ní ṣebí òun mọ gígùn okùn náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi òun.

Ìgbì ni ìmìtìtì tó ń gbé agbára láti ibìkan dé ibòmíràn láìgbé ohun tó ń mì náà lọ. Nínú ìgbì okùn, ìmì náà dábùú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà. Nínú ìró, ìmì náà ń lọ síwá-sẹ́yìn lójú ọ̀nà kan náà. Eré ìgbì ni iye ìmì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí a fi gígùn ìgbì kan sọ di púpọ̀. Ìgbì rédíò Bond FM, tó ń sọ Yorùbá láti Èkó lórí 92.9, ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 92.9 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré rẹ̀ jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀, mílíọ̀nù mítà 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gígùn ìgbì rẹ̀ wá jẹ́ mítà 3.2.

Ìró kì í sá tó bẹ́ẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, mítà 340 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú irin, ó tó nǹkan bí 5,000. Ojú irin àtijọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti Èkó ní 1896, gba Ifọ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá fi òòlù lu irú irin bẹ́ẹ̀ ní mítà 1,700 sí ibi tí ènìyàn wà, ìró inú irin yóò dé láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, ti inú afẹ́fẹ́ yóò sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ó wà lára ìwọ̀nba ohun tí òǹkọ̀wé kò dán wò.

Ohun tó dán wò ni ààrá. Mànàmáná àti ààrá máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀, ìró ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ka àkókò àárín wọn, tó fi 340 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò mọ bí òjò ṣe jìnnà tó. Aṣọ gbogbo ilé wà lórí okùn nígbà tí mànàmáná kọ lápá ọ̀nà Ìbàdàn. Òǹkọ̀wé ka 9, ó sì fi eré ìmọ́lẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ dípò ti ìró. Ó rí kìlómítà mílíọ̀nù 2.7. Òṣùpá kò jìn ju nǹkan bíi kìlómítà 384,000 lọ. Òjò náà fi ìlọ́po méje jìn jù ú. Ó sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó kan Mowe nínú rẹ̀. Ìdáhùn tó tọ́ jẹ́ kìlómítà 3, òjò kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣírò.

Iná àti òòfà ni ìpín ìkẹyìn. Ní 1820, Hans Christian Oersted ti Denmark rí i pé wáyà tí iná ń ṣàn nínú rẹ̀ ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Ní 1831, Michael Faraday fi òdìkejì rẹ̀ hàn ní London: òòfà tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ń bí iná sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni “tó ń rìn”. Òòfà tó dúró jẹ́ẹ́ kò bí nǹkan kan.

Ọwọ́ ni a fi ń mọ apá ibi tí nǹkan yóò lọ. Ọwọ́ òsì ni ti mọ́tò iná, ọwọ́ ọ̀tún ni ti jẹnẹrétọ̀. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín yóò dábùú ara wọn, wọn yóò dúró fún ìrìn, òòfà àti iná. Ewu rẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń di bíírò mú. Ìbéèrè jẹnẹrétọ̀ bá òǹkọ̀wé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó fi ọwọ́ tó ṣófo dáhùn, gbogbo ìdáhùn sì yí sódì. Nígbà tó fura, ó gbé bíírò sílẹ̀, ó gbé ọ̀tún sókè, ó ń lọ́ ọ, ó na àtàǹpàkò sí ọmọkùnrin tó jókòó níwájú, ó na ìka ìfábẹ̀lá sí fèrèsé. Olùṣọ́ ìdánwò béèrè nọ́ńbà ìbéèrè tó ń júwe fún wọn. Ọmọkùnrin iwájú náà yí ìdáhùn tirẹ̀ padà.

Tàràǹsífọ́mà jẹ́ wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ irin kan. Bí iná inú ti àkọ́kọ́ bá ń yí padà, òòfà inú irin yóò máa yí padà, yóò sì bí iná sínú èkejì. Iye yípo wáyà ló ń pinnu iye fóòtì: èyí tó wà ní àdúgbò ń gba 11,000, ó ń sọ ọ́ di 415. Iná ìjọba ń yí síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó bá a mu. Iná bátìrì kì í yí.

Òǹkọ̀wé yọ tàràǹsífọ́mà inú rédíò àtijọ́ kan tó ń sọ 240 di 12. Ó dà á kọ, ó so bátìrì ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ ẹnu 12, ó di wáyà méjèèjì ẹnu 240 mú láti so wọ́n mọ́ fáànù. Fáànù kò yí. Wáyà apá bátìrì gbóná, nítorí pé kò sí ohun tó dá iná rẹ̀ dúró àfi ìwọ̀nba ìdènà bàbà. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ó wá fa wáyà bátìrì yọ, ọwọ́ kejì ṣì wà lẹ́nu 240. Òòfà inú irin wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyípadà tí Faraday ń béèrè sì dé nígbà yẹn gan-an. Iná tí kò wá fún fáànù wá fún òǹkọ̀wé.

Rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ pè wá, sọ pé ínfátà ni wọn ì bá lò. Inú ínfátà ni àwọn transistor wà tó ń já iná bátìrì, tó sì ń yí i síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ tàràǹsífọ́mà. Ó so ọ̀kan mọ́ bátìrì kan náà, fáànù yí, bàbá sì ní kí òǹkọ̀wé fi owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ san owó iṣẹ́.