Ajá Ìyá Onílé àti Ọbẹ̀ Mi

Àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí a ti fi iyọ̀ kàn lẹ́nu láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ayé wa lè dùn, a kò mọ oúnjẹ aláìníyọ̀ lóúnjẹ. Nítorí náà, nígbà tí ìyá onílé mi ní Peckham, nílùú London, ń lọ kí ọmọ rẹ̀, tí ó fa ajá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò oúnjẹ gbígbẹ kan tí ó rí róbótó-róbótó bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, àánú ẹranko náà ṣe mí. Mo tẹ ẹ̀bà, mo bu ọbẹ̀ ata lé e, níbi tí iyọ̀ àti mágì ti pàdé bí àna níbi ìgbéyàwó. Ajá, àyànfẹ́ Ògún, lá abọ́ náà títí ó fi ń dán.

Òru ni ọ̀ràn dé. Ó mu omi, ó tún mu, ó tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó bì sórí rọ́ọ̀gì, ó sì wá jókòó ti ẹ̀rọ omi, ó ń wò mí bí ẹni tí ó wá sin gbèsè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran; kí n tó ka ohun tí ó jẹ dé orí mágì, dókítà ti mí kanlẹ̀. Ó ní ajá kì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, nítorí náà kì í pàdánù iyọ̀ bá òógùn lọ. Ìwọ̀nba tí ó sì nílò ti wà nínú róbótó-róbótó tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí iyọ̀ bá tó nǹkan bíi gíráàmù 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀, ó lè pa á: yóò kọ́kọ́ máa rìn bí ọ̀mùtí, gìrì yóò sì gbé e, àgàgà bí kò bá rí omi mu. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ tilẹ̀ bí dókítà nínú jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ajá ni ó ń bà jẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé àjẹkù ni Bingo, ajá wa ní Ìbàdàn, jẹ dàgbà, kò sì mọ ojú dókítà títí ó fi kú. Ìgbà náà ni mo rántí àjẹkù ọ̀hún dáadáa: òkèlè ẹ̀bà gbẹrẹfu kan àti eegun, nítorí àwa ọmọ mẹ́fà ti fi ìka nu ọbẹ̀ kúrò lára àwo kí ó tó kàn án. Ọ̀kánjúwà wa ni ó gba Bingo là. Ìwà ọ̀làwọ́ mi ni ó fẹ́ pa ti òyìnbó.

Nígbà tí òtútù dé, mo rí ọkọ̀ ìjọba tí ń fọ́n iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì mọ́ ọn. Ìlú tí ajá kò ti gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, títì ń jẹ ẹ́! Ìyá onílé ní kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹsẹ̀ ajá bí a bá ti òde dé, kí ó má baà lá iyọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọmọ Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, tí í dọ̀bálẹ̀ kí ọba, ṣe ń kúnlẹ̀ níwájú ajá lálaalẹ́, tí ajá náà sì na imú sí ilé ìdáná, níbi tí ọbẹ̀ mi ti ń hó.