Oríkì Ìlà Àkúnya, Ọba Etí Ìwé

Kábíyèsí Ìlà Àkúnya, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Overfull hbox, ọmọ bíbí inú TeX, ètò kọ̀ǹpútà fún títo ìwé, tí Donald Knuth bẹ̀rẹ̀ ní 1977, tí Leslie Lamport sì dá aṣọ LaTeX fún lẹ́yìn náà! Nígbà tí wọ́n bá pàṣẹ pé kí gbogbo ìlà gún régé lápá òsì àti lápá ọ̀tún, òun ni Ayọríta-má-tijú, Akọ̀-má-gbọ́-àṣẹ, tí ó ré kọjá etí ìwé bí kọ̀ntéénà tí ó gùn ju bájì tó gbé e wá sí èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú. LaTeX fúnra rẹ̀ ni akígbe rẹ̀, ó sì ń kéde ìwọ̀n àṣejù rẹ̀ ní póìntì, èyí tí 72.27 rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan.

Ìdílé ńlá ni ìdílé rẹ̀. Àwọn baba rẹ̀ ti inú Sanskrit wá, èdè àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí samāsa, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n so di ẹyọ kan, ti lè gùn ju ìlà kan lọ. Àwọn ìyá rẹ̀ sì ti inú oríkì Yorùbá wá, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Atẹ́rẹrẹkáríayé sínú òpó ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ti ránṣẹ́ pe kábíyèsí.

Ìgbìmọ̀ afọbajẹ kì í kánjú. Knuth àti Michael Plass ṣàlàyé ní 1981 bí ẹ̀rọ ṣe ń wo odindi ìpínrọ̀ kí ó tó gé ìlà, tí ó ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n àìdára. Bí LaTeX kò bá sì rí ọ̀nà tí àìdára ìlà kankan kò ju 200 lọ, oyè ti ja mọ́ Àkúnya lọ́wọ́ nìyẹn.

Àmì ohùn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, torí pé bí atẹ̀wé bá lo àṣẹ àtijọ́ tí ń gbé àmì lé fáwẹ́lì lórí, ẹ̀rọ kì í gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ibi àmì dé òpin. Bí kò bá sí àmì, òfin gígé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ya g kúrò lára b nínú Ayangburen, oyè ọba Ìkòròdú, èyí tí ó burú ju kí oyè náà yọ síta lọ.

Àwọn ọ̀tẹ̀ wà. Àṣẹ \sloppy ń lé e, ṣùgbọ́n ó ń fi àlàfo gbàgàdà rọ́pò rẹ̀. XeLaTeX, ẹ̀yà LaTeX mìíràn, ń gba lẹ́tà alámì wọlé tààrà, atẹ̀wé sì lè fi \- sí ìparí sílébù kọ̀ọ̀kan, a\-tẹ́\-rẹ\-rẹ\-ká\-rí\-a\-yé, títí kábíyèsí yóò fi gbéra kúrò lórí ìtẹ́, tí olóòtú yóò sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún ìpínrọ̀ náà, tí Ayọríta yóò tún yọ ní ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀.