Oríkì Ooru Èkó, Ọba Tó Ń Gorí Ìtẹ́ Lóru

Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ọba ń bọ̀!
Ooru Èkó, ọmọ ọ̀dà, ọmọ kọnkéré,
Ọmọ páànù tó ń ró kẹkẹkẹ lójú oòrùn,
Àkọ́bí jẹnẹrétọ̀, àrẹ̀mọ èéfín mọ́tò,
Ọba tí oòrùn bí, tí sìmẹ́ńtì wò dàgbà.
Ìwọ lo mú lọ́yà tú táì ní gbangba,
O mú ìyàwó ọ̀ṣìngín sá fún ọkọ lórí bẹ́ẹ̀dì.
A-mú-ni-làágùn-bí-ẹni-ń-gúnyán, iyán ò sì sí nílé!

Oòrùn kan náà ló ń ràn sí Ọ̀ṣòdì, òun náà ló ń ràn sí oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ṣú, ilẹ̀ oko kì í pẹ́ tutù. Kí àkùkọ tó kọ, àwọn ará oko ti ń wá aṣọ fà bora. L'Ékòó, ìgbà náà gan-an lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gorí ìtẹ́. Títì ọ̀dà tó dúdú àti ògiri kọnkéré tó nípọn ti ń gbé oòrùn mì láti àárọ̀. Tó bá dalẹ́, wọ́n á máa pọ̀ ọ́ síta díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri ilé ní Múṣin ní agogo 10 alẹ́ á mọ̀ pé oòrùn wọ̀ ni, kò tíì lọ. Bàbá ti gbé ẹní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ìkókó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi páálí fẹ́ ọmọ tí ooru ti sú sí lọ́rùn. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ló ń lùlù fún ọ, èéfín rẹ̀ sì ni tùràrí rẹ.

Ìwọ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń lé jáde ní yàrá olówó,
Tó ń dà ọ́ sórí ẹni tó ń sun àgbàdo létí títì.
Afẹ́fẹ́ òkun ní òun ń bọ̀ wá kí ọ,
Ilé àwòṣífìlà ní kó padà, ọba ò ráyè.
O fẹ́ gba ojú ọ̀run lọ lóru,
Ògiri ọ̀tún àti ògiri òsì ní o ò ní í lọ.

Kì í ṣe Èkó nìkan lo ti ń jọba; arókin rẹ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́. Ọmọ London ni, Luke Howard, apòògùn tó fẹ́ràn láti máa wo ojú ọ̀run, tó sọ ìkùukùu lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣì ń pè é títí dòní. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ojú ọjọ́ London, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1818, ó fi ìgboro wé ìgbèríko. Lọ́sàn-án, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Lóru, ìgboro fi bí ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná jù. Iná èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé wà lára ohun tó ní ó bí ọ. A ò dáná èédú bíi tiwọn, àmọ́ a kò jẹ́ kí ebi pa ọ́.

Ọba, oúnjẹ rẹ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Keje ọdún 1995, nígbà tí ooru mú gidi ní Chicago, ẹ̀mí tó lé ní 700 lo gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín oríkì yìí, kó rọra rín in.

Ọ̀tá tó ń dẹ́rù bà ọ́ jù ni igi. Omi tí gbòǹgbò bá fà, ewé á tú u sáfẹ́fẹ́. Bí omi náà ṣe ń gbẹ lójú ewé ló ń kó ooru lọ. Ṣùgbọ́n má mikàn, a ti bá ọ ṣẹ́gun rẹ̀. A gé máńgòrò iwájú ilé kí mọ́tò lè ríbi dúró. A fi íntálọ́ọ̀kì bo àgbàlá kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ ẹrẹ̀. A rọ iyanrìn sínú àbàtà, a kọ́lé lé e. Ẹni tó gé igi ló ń ra fáànù, ẹni tó bo ilẹ̀ ló ń bú oòrùn.

Oòrùn ò jẹ̀bi. Àwa ni afọbajẹ. Ẹ̀yin ará Èkó, ọba tí a bá fi jẹ, a lè rọ̀ ọ́ lóyè. Ẹ gbin igi kan síwájú ilé, ẹ kun òrùlé yín ní funfun, ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìbò kí omi òjò ríbi wọ̀. Kí adé má pẹ́ lórí ọba yìí, kí bàtà má sì pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.