Àkítọ̀ Kì Í Kú, Àbí Ó Ń Kú?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ẹ rọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ro àmàlà lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó ní kókó nítorí tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jìnnà sílé díẹ̀. Dáńfó ò débẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú gan-an ò débẹ̀. Inú ìràwọ̀ ni.

Ẹ mọ irú ìtàn tí mò ń wí. Ọba kan wà nínú ayé kan, ọ̀tá rẹ̀ wà nínú ayé mìíràn, wọ́n wá ń fi ọkọ̀ tó tóbi ju ìlú lọ gbógun ti ara wọn láàárín ìràwọ̀. Òyìnbó á kọ ìwé kìn-ín-ní, á kọ ìkejì, á kọ ìkẹta, títí ìwé á fi kún àpótí. Àwọn òǹkàwé á máa rà á, wọ́n á mọ orúkọ ìyá akọni àti ti ẹṣin rẹ̀ bó bá lẹ́ṣin. Gbogbo ẹ̀ á máa lọ geerege, àfi ọjọ́ tí òǹkọ̀wé bá ṣàdédé yà bàrá. Háà! Ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ̀ pé ẹni tó fowó ra ìwé gbà tọkàntọkàn pé òun ló ni ìtàn.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a bá péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n onílé, èèyàn méjì péré ló wà nínú fíìmù: àkítọ̀ àti bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ni olórí ìkà. Àkítọ̀ ni tiwa. Àkítọ̀ kì í kú. Bó bá kú pẹ́nrẹ́n, á jẹ́ pé òun kọ́ ni àkítọ̀, àwa la ṣì í mú látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rò pé àwọn ọmọ àdúgbò wa ló ṣòfin yẹn. Irọ́ ni. Ọ̀gá ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, John W. Campbell, olóòtú ìwé ìròyìn Analog, òfin yìí gan-an lòun náà fi ń dájọ́.

Frank Herbert ló kọ Dune. Analog ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní wẹ́wẹ́ láti 1963 títí wọ 1965. Nígbà tó fẹ́ sọ ọ́ di odindi ìwé, ilé ìtẹ̀wé tó kọ̀ ọ́ lé ní ogún. Ta ló wá gbà á? Chilton ni, ní Philadelphia. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ wọ́n dáadáa, torí ìwé bí wọ́n ṣe ń tún mọ́tò ṣe ni wọ́n ń tẹ̀. Ìwé táyé ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n fi ń tú kábúrétọ̀ ló ti jáde. Inú mi máa ń dùn síbẹ̀ yẹn ṣáá.

Ọmọ olóyè ni Paul, àkítọ̀ wa. Wọ́n pa bàbá rẹ̀, ó sá wọ aṣálẹ̀ Arrakis pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn Fremen tó ni aṣálẹ̀ gbà á mọ́ra, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ekòló. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ekòló ibẹ̀ lè gùn tó mítà 400, ó sì lè gbé ọkọ̀ ńlá mì bí ẹní gbé èkuru mì. Paul gun ekòló, ó gbẹ̀san bàbá rẹ̀, ó gba ìtẹ́ ọba gbogbo ìràwọ̀. Àwọn òǹkàwé pàtẹ́wọ́, ìwé náà sì gba Hugo àti Nebula, àwọn ẹ̀bùn tó ga jù nínú irú ìtàn yìí.

Ó wá di 1969, Herbert gbé ìwé kejì dé: Dune Messiah. Ọdún méjìlá ti kọjá nínú ìtàn, àkítọ̀ ti jọba. Ṣé ó ń jayé ni? Rárá o. Ó jókòó, ó ń ṣírò iye àwọn tí ọmọ ogun rẹ̀ ti pa lórúkọ rẹ̀. Bílíọ̀nù 61. Odindi ayé 90 ló ti di ahoro. Ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa ọkùnrin kan láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Hitler, ìṣirò tirẹ̀ sì fi hàn pé Hitler ò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Kí ìwé tó parí, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó dá nìkan rìn wọ aṣálẹ̀ lọ. Ó tán. Ẹ máa lọ sílé.

Campbell kà á, ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹjọ́ tó rò ni pé ìtàn akọni tó borí kádàrá làwọn òǹkàwé òun ń fẹ́, kì í ṣe ti akọni tí kádàrá ń gbá kiri bíi bọ́ọ̀lù. Galaxy, orogún Analog, ló tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé tó nífẹ̀ẹ́ ìwé àkọ́kọ́ ni tìkejì yìí sì korò lẹ́nu wọn.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé o. Herbert ò yà bàrá rárá! Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun ti kọ apá kan ìwé kejì àti ìkẹta kóun tó parí àkọ́kọ́, àti pé ohun tóun fẹ́ fi ìtàn náà wí ni pé ewu ńlá ni akọni jẹ́ fáráyé. Ẹ padà lọ ka ìwé àkọ́kọ́. Paul fúnra rẹ̀ ń rí ogun burúkú yẹn níwájú, ẹ̀rù ń bà á, kò sì mọ bóun ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Àmì wà ní oríta. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ ni ò kà á.

Ẹ wá wo àwàdà tó wà ńbẹ̀. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti kìlọ̀ pé ká má gbé èèyàn ẹlẹ́ran ara sórí bí òrìṣà. Àwọn òǹkàwé gbé Paul sórí bí òrìṣà, gẹ́gẹ́ báwọn Fremen ṣe ṣe nínú ìwé. Nígbà tó ní òun fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ lókò. Kí ni kó tún kọ kó tó yé wọn?

Ìgbà tó yá, Campbell kú ní 1971, Analog bọ́ sọ́wọ́ Ben Bova, ni ìwé ìròyìn tó lé Paul bá gba àwọn ọmọ Paul wọlé: Children of Dune, 1976. Ìwé náà tà wàràwàrà. Ẹnì kan lè rò pé Herbert á fara balẹ̀ wàyí. Ní 1981, ó fo ọdún tó lé ní 3,000 kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé God Emperor of Dune wá. Ọmọ Paul, Leto, ti di ekòló. Mi ò purọ́. Ojú èèyàn ló kù sí i lórí àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìyókù ekòló ni, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kábíyèsí kiri, omi ò sì gbọdọ̀ kàn án. Ẹ rò pé á jagun? Kò jagun. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ojú ewé lé ojú ewé, ọba ekòló ń sọ̀rọ̀. Títí di òní, bí ẹ bá kó òǹkàwé Dune méjì sínú yàrá kan, ẹ bi wọ́n léèrè ìwé yìí, kẹ́ ẹ tètè kó àga kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan á ní ibẹ̀ gan-an lòun sọ ìwé sílẹ̀. Èkejì á ní ìwé yẹn ló dùn jù. Tèmi? Mo fẹ́ràn ekòló yẹn. Ọba tó mọ̀ pé àwọn aráàlú kórìíra òun, tó sì ń ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, kò wọ́pọ̀.

Ti Herbert tutù, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó gbóná. Ní 1999, wọ́n tẹ ìwé Star Wars kan tó ń jẹ́ Vector Prime, R. A. Salvatore ló kọ ọ́. Nínú rẹ̀ ni Chewbacca ti kú, onírun lára yẹn, ọ̀rẹ́ Han Solo. Ikú wo ló pa á? Òṣùpá. Òṣùpá ayé tó wà já lù ú, ó dúró, ó ń bú ramúramù mọ́ ọn bó ṣe ń bọ̀. Àwọn tó ni iṣẹ́ ló dájọ́ ikú yẹn, Salvatore kàn jẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni. Ṣé wọ́n gbọ́? Lẹ́tà èébú rọ́ dé, àwọn kan tiẹ̀ halẹ̀ pé àwọn á pa á. Nítorí ẹni tí ò sí láyé, wọ́n fẹ́ pa ẹni tó wà láyé.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2014, Lucasfilm tó ń ṣe Star Wars ní gbogbo ìwé Star Wars àtẹ̀yìnwá yẹn ti di àlọ́, kò sí nínú ìtàn gan-an mọ́. Ní 2015, Chewbacca jáde nínú fíìmù tuntun, ara dá ṣáṣá, kò sí ibi tí òṣùpá ti hà á. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ ẹ fi ṣọ̀fọ̀! Ta ló máa dá omijé padà? Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìtàn inú ìwé máa lọ, òṣùpá ò, ikú ò.

Nínú fíìmù 2015 yẹn kan náà, ọmọ wa John Boyega, tó dàgbà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, di idà oníná mú lórí páálí ìpolówó. Àwa náà pariwo: àkítọ̀ rèé, ọmọ Adégbóyèga! Nígbà tí apá kejì àti ìkẹta dé, wọ́n ti rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 2020, ó sọ ọ́ lójú ayé pé kò dáa kí wọ́n máa fi aláwọ̀ dúdú polówó ọjà, kí wọ́n wá tì í sẹ́yìn. Níbi tèyí o, mi ò bá àwọn tó bínú jà. Òǹkọ̀wé tó ní kókó kan tó ń lé lọ yàtọ̀ sí ẹni tó ń yí ìtàn nítorí pé kò tiẹ̀ mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ n yára, wọ́n ti ń fọwọ́ júwe sí mi látinú gíláàsì. Herbert kú ní 1986. Ìwé Dune tó kọ gbẹ̀yìn parí nígbà tí ọkọ̀ kan fò lọ síbi tẹ́nì kan ò mọ̀, ni àwọn tó ti ń pariwo pé ó ti ba ìtàn jẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kò parí ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Brian àti òǹkọ̀wé Kevin J. Anderson parí ẹ̀ fún wọn ní 2006 àti 2007. Àwọn tó ń pariwo yẹn ní bàbá ò ní kọ ọ́ báyẹn.

Ní 2024, Denis Villeneuve gbé apá kejì fíìmù Dune jáde, àwọn ọ̀dọ́ dìde dúró nínú sinimá fún Paul. Villeneuve ti ní Dune Messiah lòun máa fi ṣe ìkẹta. Ẹni tó bá ti gbọ́ mi lónìí, kó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó ra gúgúrú, kó jókòó ti àwọn tó wọ ẹ̀wù Paul. Kó má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé lórí rédíò wa ló ti gbọ́ ìparí ẹ̀, torí èmi ò ní ọ̀nà ẹ̀yìn ní ilé iṣẹ́ yìí.